Èébì lẹ́yìn kímò: ààbò ọjọ́ kan kò tó fún ọjọ́ márùn-ún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Màmá mi, ẹni ọdún 56, ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n gba kímò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) àkọ́kọ́, èyí tí oògùn pupa wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an wọn kò bì rárá, nítorí nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ ondansetron. Àmọ́ láti ọjọ́ kejì títí di ọjọ́ karùn-ún, wọn kò lè jẹun, omi pàápàá kò dúró nínú wọn, metoclopramide tí dókítà ní kí wọ́n máa lò bí èébì bá ń gbé wọn kò sì ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, metformin ni wọ́n ń lò sí i. Wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí àwọn lóyún mi, àwọn bì títí oyún náà fi wọ oṣù karùn-ún. Ní báyìí, wọ́n ní àwọn kò padà lọ gba ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́. Aládùúgbò wa kan ní èébì yẹn ló ń fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn ní kí a máa fún wọn ní àgbo. Ṣé oògùn wà tó lè dá èébì yìí dúró kó tó bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí a sì ṣe nípa àgbo?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ara wọn yóò yá. Oògùn wà, ó sì ju èyí tí wọ́n rí gbà lọ. Ohun tó hàn sí mi nínú àlàyé yín ni pé ìlànà tí a lò fún wọn dáàbò bò wọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó wá fi ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ mẹ́rin yẹn gan-an ni irú kímò tí wọ́n ń gbà máa ń dá ènìyàn lóró nílé. Kí màmá tó pinnu pé ó parí, ẹ lọ bá dókítà wọn, kí ẹ sì béèrè pé kí a tún ìlànà adènà-èébì wọn tò kí ọjọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tó pé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní láti rí bíi ti àkọ́kọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín kò rí bẹ́ẹ̀. Èébì kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ohun tí oògùn ń ṣe sí kókó inú ọmú. Ẹni tí kò bì rárá lè rí ìwòsàn tó péye, ẹni tó bì títí sì lè má rí i. Ohun tí èébì lè ṣe ni pé kó fa omi ara gbẹ, kó ni kíndìnrín lára, kó mú kí dókítà dín ìwọ̀n oògùn kù, tàbí kó mú kí aláìsàn sá fún ìtọ́jú, ìbi tí màmá yín sì ń lọ nìyẹn.

Oògùn pupa tí ẹ sọ ni doxorubicin, cyclophosphamide ni a sì sábà máa ń fún obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ pín gbogbo oògùn kímò sí ipele mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fa èébì tó nígbà tí a kò bá fún aláìsàn ní ohunkóhun láti dènà rẹ̀. Àpapọ̀ oògùn méjì tí màmá ń gbà yìí wà ní ipele tó ga jù, pẹ̀lú cisplatin: nínú ènìyàn 100 tó bá gbà á láìsí ààbò, ó ju 90 lọ tí yóò bì. Oxaliplatin wà ní ipele tó tẹ̀ lé e, paclitaxel wà níbi tí 10 sí 30 nínú 100 ti ń bì, nígbà tí vincristine àti trastuzumab kò tilẹ̀ tó 10. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹni tó jókòó ti màmá ní kílíníkì, tó ń gba paclitaxel, lè máa sọ pé èébì kò gbé òun rí. Kì í ṣe pé ara tirẹ̀ le ju ti màmá lọ, oògùn wọn ni kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó bá parí oògùn pupa ni a sì máa ń gbé lọ sí paclitaxel lẹ́yìn náà, nítorí náà apá tó le jù nínú ìrìn àjò yìí lè jẹ́ èyí tí wọ́n wà nínú rẹ̀ báyìí.

Ara ẹni náà ní ipa tirẹ̀. Obìnrin máa ń bì ju ọkùnrin lọ, ẹni tí kò tíì pé ọdún 50 máa ń bì ju àgbàlagbà lọ, ẹni tí mọ́tò máa ń gbé èébì fún náà wà nínú ewu, ó sì máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí ń bì ju ẹni tó ti ń mu ún láti ọdún pípẹ́. Ẹni tí oyún mú bì gidigidi wà lára wọn. Ìtàn oyún tí màmá ń sọ fún yín kì í ṣe ìtàn lásán, ó yẹ kí dókítà wọn gbọ́ ọ, nítorí ó lè mú kí ó fi oògùn kún ìlànà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ó lè yé yín ìdí tí abẹ́rẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní fi ṣiṣẹ́ tí ohun gbogbo sì wá dàrú lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà méjì tí èébì ń gbà wọlé. Nínú ìfun kékeré ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń tọ́jú èròjà tí à ń pè ní serotonin. Bí kímò bá ti kàn wọ́n, wọ́n á tú serotonin yìí jáde, á sì so mọ́ iṣan tó ń gbé ìròyìn láti inú ìfun lọ sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí àṣẹ èébì ti ń jáde. Èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Ọ̀nà kejì wà nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀, níbi tí èròjà mìíràn tó ń jẹ́ substance P ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń jọba láti ọjọ́ kejì títí di bí ọjọ́ karùn-ún. Ondansetron ń dí ibi tí serotonin ti ń so mọ́ iṣan, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ó dà bí ọdẹ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà iwájú: ẹni tó bá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé kò ní bá a pàdé.

Ìdí nìyí tí ìlànà ASCO àti NCCN, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú èyí tí MASCC àti ESMO, ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti àgbáyé àti ti Yúróòpù, jọ gbé jáde, fi ní kí ẹni tó ń gba irú kímò ti màmá yín lo oògùn mẹ́rin pọ̀, kí oògùn kọ̀ọ̀kan sì di ọ̀nà tirẹ̀. Kí a tó fi kímò sí iṣan ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ wọn, nítorí pé èébì tó ti bẹ̀rẹ̀ le láti dá dúró ju èyí tí a kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn èyí tí aláìsàn bá gbé délé, ó ní láti lò wọ́n ní àkókò wọn bí ara bá tilẹ̀ mókun. Gbólóhùn "lò ó bí èébì bá gbé ọ" dára fún oògùn àfikún, kò dára fún oògùn ìdènà.

Ti àkọ́kọ́ ni ondansetron tàbí ẹbí rẹ̀. Ní 1991 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, ó sì yí ìtọ́jú jẹjẹrẹ padà, nítorí pé ṣáájú rẹ̀, láti ìgbà tí cisplatin ti jáde ní 1978, ìwọ̀n metoclopramide tó pọ̀ gan-an ni àwọn dókítà fi ń bá èébì jà, pẹ̀lú gbogbo ewu tó wà nínú rẹ̀. Palonosetron, àbúrò ondansetron tó jáde ní 2003, ń pẹ́ nínú ara jù ú lọ. Ohun méjì ni kí ẹ kíyè sí nípa ondansetron. Ó lè fa orí fífọ́, ó sì máa ń mú kí ìgbẹ́ gan. Mo máa ń rí aláìsàn tí kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí inú rẹ̀ kún, tí èébì wá ń gbé e nítorí inú kíkún náà, tí àwọn ará ilé sì ń ra ondansetron sí i ní kẹ́mísìtì. Wọ́n rò pé àwọn ń tú nǹkan, wọ́n ń dì í ni. Bí màmá kò bá yàgbẹ́ fún ọjọ́ méjì, ẹ béèrè oògùn tó ń rọ ìgbẹ́. Èkejì ni pé ó lè da lílù ọkàn rú fún àwọn ènìyàn kan, pàápàá bí a bá lò ó pọ̀ mọ́ àwọn oògùn mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn oògùn ibà kan sì wà lára wọn.

Ìkejì ni dexamethasone. Ó ti pẹ́ tí a ti ń lò ó, kò wọ́n lọ́jà, ó sì ń ran gbogbo àwọn yòókù lọ́wọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó ṣe ń dènà èébì kò tíì yé àwọn onímọ̀ tán. Ti màmá yín ló gba àkíyèsí jù, nítorí àtọ̀gbẹ. Dexamethasone yóò gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn sókè, bóyá fún ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán. Èyí kò sọ pé kí wọ́n má lò ó. Ó sọ pé kí ẹ máa wọn ṣúgà wọn láràárọ̀ àti lálaalẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kímò, kí dókítà sì mọ ìwọ̀n tí ẹ bá rí. Fún ẹni tó ń gba cisplatin, a máa ń lò ó títí di ọjọ́ kẹrin. Fún ẹni tó ń gba oògùn pupa pẹ̀lú cyclophosphamide, ìlànà ASCO fàyè gba kí a lò ó ní ọjọ́ kìn-ín-ní nìkan, bí àwọn oògùn yòókù bá pé. Bí mo bá wà ní ipò dókítà wọn, ọ̀nà kejì yìí ni n ó tọ̀. Àárọ̀ ni kí wọ́n máa lò ó, kò dára ní alẹ́, nítorí ó ń lé oorun lọ.

Ìkẹta, aprepitant, ni ó ń di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí mo sọ, ìyẹn ibi tí substance P ti ń ṣiṣẹ́. Ó jáde ní 2003. Miligíráàmù 125 ni a máa ń lò ní wákàtí kan ṣáájú kímò, lẹ́yìn náà 80 ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta. Fosaprepitant ni abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń gbà á. Ó máa ń mú kí dexamethasone pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń dín dexamethasone kù, nígbà púpọ̀ láti 20 sí 12, bí méjèèjì bá wà pọ̀. Ẹni tó ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) tàbí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí gbọ́dọ̀ sọ fún apòògùn kí ó tó gbé e mì. Ìṣòro rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa ni owó, kì í sì í wà ní gbogbo ilé ìpòògùn.

Olanzapine ni ìkẹrin, òun ni mo sì fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí òun ni mo rò pé yóò wúlò jù fún màmá yín, òun náà ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ̀ ní kété tí ẹnì kan nínú wọn bá ka ìwé inú páálí rẹ̀. Fún àìsàn ọpọlọ bíi schizophrenia ni a kọ́kọ́ ṣe é, ibẹ̀ sì ni ìjà máa ń ti bẹ̀rẹ̀: "Ṣé dókítà rò pé orí màmá wa ti ń dàrú ni?" Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn yìí ń dí ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọpọlọ, ti dopamine, ti oríṣi serotonin bíi mélòó kan, àti ti histamine, gbogbo wọn ló sì ní ọwọ́ nínú èébì. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni màmá yóò lò ó nínú ìyípo kímò kan, ìyẹn kò jọ ti ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ.

Ní 2016, Rudolph Navari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 380 tó ń gba cisplatin tàbí àpapọ̀ oògùn tí màmá ń gbà. Gbogbo wọn ló rí oògùn mẹ́ta àkọ́kọ́ gbà. A wá fi olanzapine kún ti àwọn kan, a fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, 37 nínú 100 àwọn tó lo olanzapine ni kò ní ìrìndọ̀ (kí èébì máa gbé ènìyàn) rárá, nígbà tí ó jẹ́ 22 nínú 100 àwọn tí kò lò ó. Ẹ kíyè sí i pé 37 kì í ṣe 100. Oògùn òde òní ń dá bíbì fúnra rẹ̀ dúró dáadáa ju bó ṣe ń dá ìrìndọ̀ dúró lọ, mi ò sì ní fẹ́ kí ẹ ṣèlérí fún màmá pé ara wọn yóò dà bí ẹni tí kò gba nǹkan kan. Ohun tí ẹ lè fi ọkàn wọn balẹ̀ pẹ̀lú ni pé wọ́n lè mu omi, kí omi náà dúró, kí wọ́n sì rí ẹ̀kọ jẹ.

Oorun ni olanzapine fi máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Miligíráàmù 10 ni a lò nínú ìwádìí yẹn, ó sì ń mú kí àwọn kan sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àwọn dókítà ní Japan fi hàn ní 2020 pé 5 lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń gba cisplatin, nígbà tó sì di 2024, àwọn dókítà Tata Memorial ní Mumbai gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé 2.5 kò rẹ̀yìn sí 10, oorun rẹ̀ sì kéré sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá 2.5 tàbí 5 ní alẹ́ lè bá màmá mu. Lóru, bí wọ́n bá fẹ́ dìde lọ tọ̀, kí ẹnì kan dì wọ́n mú, nítorí òòyì lè kọ́ wọn. Òun náà lè gbé ṣúgà sókè díẹ̀, èyí tún jẹ́ ìdí mìíràn láti máa wọn ọ́n. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn aláìsàn wa ni pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Bí apá kò bá ká aprepitant, olanzapine pẹ̀lú palonosetron àti dexamethasone jẹ́ ìlànà tí NCCN fọwọ́ sí.

Bí dókítà bá ti fi olanzapine sí i, kí màmá fi metoclopramide sílẹ̀, àfi bí dókítà fúnra rẹ̀ bá ní kí wọ́n lò ó. Ọ̀nà dopamine ni méjèèjì ń dí, bí a bá sì kó wọn pọ̀, ọrùn lè lọ́, ojú lè yí sókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè há, àwọn ará ilé a sì máa rò pé wárápá ni. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù ti ní láti 2013 pé kí metoclopramide má ju ọjọ́ márùn-ún lọ, kó má sì ju miligíráàmù 30 lọ lóòjọ́ fún àgbàlagbà. Bí ẹ bá ń rà á ní kẹ́mísìtì lójoojúmọ́, ẹ dúró.

Ohun kan wà tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yín, òun ni pé màmá ti ń kọ̀ láti padà lọ. Ẹni tó bì gidigidi nígbà àkọ́kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì kí kímò tó kàn án rárá: òórùn spírítì, ìrísí gbọ̀ngàn ìtọ́jú, ìgbà mìíràn orúkọ ilé ìwòsàn lásán, a máa gbé èébì fún un. Kì í ṣe àṣejù, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ọpọlọ ti so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyà tó jẹ, ondansetron kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ran irú èyí lọ́wọ́. Lorazepam, oògùn tó ń fi ọkàn balẹ̀, díẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú àti ní àárọ̀ ọjọ́ náà lè ràn wọ́n lọ́wọ́, bí dókítà bá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú olanzapine, oorun wọn lè pọ̀ jù, nítorí náà kí ẹ má fi í kún un fúnra yín. Ohun tó ń dènà irú èébì yìí jù ni kí ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ yí ìlànà padà nísinsìnyí, kí ẹ má dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ní ti oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà sàn ju àwo kíkún ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Oúnjẹ tútù kì í rùn bíi ti gbígbóná: ẹ̀kọ tútù tàbí mọ́ínmọ́ín tó ti tutù lè wọlé níbi tí ọbẹ̀ tó ń hó kò ti lè wọlé. Ẹ má din ata nínú ilé ní ọjọ́ márùn-ún yẹn. Bí màmá kò bá jẹun, ẹ pe dókítà lórí metformin kí wọ́n tó lò ó. Oògùn náà fúnra rẹ̀ máa ń gbé èébì fún àwọn ènìyàn kan, kò sì yẹ kí ẹni tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ máa lò ó.

Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an bí omi kò bá dúró nínú wọn fún wákàtí 24, bí wọn kò bá tọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì, bí ọ̀rọ̀ wọn bá ń dàrú, tàbí bí inú rírun líle bá bá a rìn. Bí tẹmómítà bá fi 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ẹ má ṣe ra oògùn ibà, ẹ má sì dúró de àárọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn kímò, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, àkóràn tí ara ẹlòmíràn lè gbé lè pa ẹni tó wà nínú kímò láàárín wákàtí díẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ bá dókítà, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí di ọjọ́ karùn-ún: iye ìgbà tí wọ́n bì, ohun tí wọ́n jẹ, ọjọ́ tí wọ́n yàgbẹ́, oògùn tí wọ́n lò àti wákàtí tí wọ́n lò ó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ oyún kún un. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń dáhùn "mo dúpẹ́" bí dókítà bá bi wọ́n léèrè ara wọn, dókítà a sì tún kọ ohun tó kọ tẹ́lẹ̀. Ìwé yín ni yóò sọ òtítọ́ dípò wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àgbo. Atalẹ̀ nínú tíì tàbí nínú oúnjẹ kò burú, àwọn kan sì sọ pé ó tù wọ́n lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ìwádìí sọ nípa rẹ̀ lórí èébì kímò kò bára mu. Kò lè dípò oògùn kankan nínú mẹ́rin tí mo dárúkọ, kí wọ́n má sì lo kápúsù atalẹ̀ tó le láìsọ fún dókítà, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nígbà tí kímò ti dín èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù. Àgbo nì yìí, rárá ni ìdáhùn mi, títí kímò yóò fi parí. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá doxorubicin ṣiṣẹ́ láti mú un kúrò nínú ara, a kò mọ ohun tí àpapọ̀ ewé àti egbò tó wà nínú ìgò yẹn yóò ṣe sí ẹ̀dọ̀ kan náà. Omi tí a fi rẹ ẹ́ lè ní kòkòrò nínú ní àkókò tí ara wọn kò lè jà, àwọn àgbo kan sì tún lè já ṣúgà wọn wálẹ̀ lórí metformin nígbà tí wọn kò jẹun. Bí wọ́n bá ti mu nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ àti iye tí wọ́n mu fún dókítà kí ó tó kọ oògùn tuntun, kí ẹ sì mú ìgò náà dání lọ bí ó bá ṣì wà nílé.